Ta Ló Ní Kí O Máa Jẹ́ Síkírù Yísà?

Ilé Sàlímọ́nù Apẹja,
Etí Ọ̀sà, Ìjẹ̀dé,
Lọ́nà Ìkòròdú.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, 1956.

Síkírù,

Mo kí ọ. Mo kí ọ nítorí pé lẹ́tà kì í bẹ̀rẹ̀ láìsí ìkíni, kì í ṣe nítorí pé inú mi dùn sí ọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ? Kúbúrátù ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé oyún náà kò dà á láàmú jù? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọkọ̀ gbá ọ ní Èkó. Kí ó má jẹ́ kí òyìnbó lé ọ lẹ́nu iṣẹ́. Kí ó dá ọ sí títí tí n ó fi fi ojú mi rí ọ, kí n fa etí rẹ méjèèjì títí wọn ó fi gùn tó àjẹ̀ ọkọ̀. Àmín.

Gbogbo wa nílé wà. Ìyá rẹ Mùlíkátù ní kí n kí ọ, ó tilẹ̀ ní kí n kí ọ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Àbúrò rẹ Mùnírátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìtamágà, ó ti fi abẹ́rẹ́ gún ìka ọwọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ku ti ẹsẹ̀. Òbúkọ dúdú jẹ ìdajì àwọ̀n tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, nígbà tí mo sì nà án, ojú ló ń fi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ àwọ̀n tirẹ̀. Èmi náà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí ìjọba dá sílẹ̀, Tíṣà Ọláṣẹ́gun ló ń kọ́ wa, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ lẹ́tà yìí. Bí o bá rí i pé bébà ya níbì kan, ìbínú ló ya á, kì í ṣe àìmọ̀wé.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tí o fi ojú mi rí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo di apẹ̀rẹ̀ ọ̀bọ̀kún yíyan kan, mo ní kí n gbé e wá fún ìyàwó rẹ, nítorí ẹni tó lóyún kò gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹja inú agolo tí òyìnbó ti pa láti ìgbà ogun Hítílà. Mo wọ lọ́rì dé Ìkòròdú, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìpakodò, mo wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ẹ̀bútẹ̀ Èrò. Mo béèrè ọ́fíìsì rẹ títí mo fi dé ibẹ̀. Mo bá ọkùnrin kan lẹ́nu géètì, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó ní ìwé kan níwájú tó nípọn bí ilẹ̀kùn ààfin. Mo ní mo ń wá Síkírù ọmọ Sàlímọ́nù, ará Ìjẹ̀dé. Ó ní kí ni sọ́néèmù rẹ̀. Mo ní ọmọ mi kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ le láti kékeré. Ó mí kanlẹ̀, ó ní orúkọ bàbá rẹ̀ ni òun ń béèrè. Mo gbáyà, mo ní Sàlímọ́nù, èmi rèé.

Síkírù, ọkùnrin náà fi itọ́ sí àtàǹpàkò, ó ṣí ìwé náà láti orí dé ìdí, ó tún ṣí i láti ìdí dé orí. Ó ní kò sí Sàlímọ́nù kankan níbí. Ó ní Síkírù kan ṣoṣo tí òun mọ̀ ni Síkírù Yísà. Mo ní èyí tí mo ń wí ní àpá níwájú orí, ibi tí ó ti já lu etí ọkọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ó ní wọn kì í kọ àpá sínú ìwé. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi, bí ẹni ń bá arúgbó tó sọnù sọ̀rọ̀, pé Bàbá, ẹ máa lọ sílé, ó jọ pé irọ́ lọmọ yín pa fún yín, kò ṣiṣẹ́ níbí. Àwọn tó dúró wò mí á tó ọ̀ọ́dúnrún. Ẹnì kan nínú wọn tilẹ̀ bi mí pé èló ni mo ń ta ẹja náà.

Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo kọrí sí ilé tuntun tí o kó lọ. Mo bá obìnrin kan tó ń yan ẹ̀pà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo ní mo ń wá Kúbúrátù, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tó lóyún. Ó ní àá, Mísíìsì Yísà! Ó ti lọ sí ọsibítù o, Bàbá. Mo ní Yísà wo? Ó ní Mísítà Yísà ni, ọkọ rẹ̀. Mo sọ apẹ̀rẹ̀ ẹja kalẹ̀. O mọ̀ pé nínú gbogbo Èkó, Yísà kan ṣoṣo ni mo mọ̀, òun náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Yísà télọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tí mo fi ọ́ sí lọ́wọ́ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje. Mo bi obìnrin náà pé oyún yẹn ńkọ́, ṣé Yísà náà ló ni ín? Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní Bàbá, ẹ̀yin náà, ta ni ìbá tún ni ín? Ó ní orúkọ ọkọ rẹ̀ wà lára káàdì tí wọ́n fún un ní ọsibítù, gàdàgbà báyìí.

Wàyí o, fi ara rẹ sí ipò mi. Ní ọ́fíìsì, ọmọ mi kò sí nínú ìwé mọ́. Nílé, ìyàwó ọmọ mi ti di ìyàwó Yísà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wọnú ara wọn bí ìkòkò àti ọmọrí. Ohun tí mo rò ni pé Yísà, àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ kò tó mẹ́rin mọ́, ti gba ìyàwó mọ́ ọ lọ́wọ́, ìtìjú sì ti jẹ́ kí o sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, bóyá o ti wà ní Kánò tí o ń ru ẹ̀pà. Mi ò yà sí ṣọ́ọ̀bù Yísà. Bí mo bá yà níbẹ̀, orí rẹ̀ ni n bá fọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́, inú ẹ̀wọ̀n ni n bá sì ti máa kọ̀wé sí ọ báyìí. Mo padà sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹkún ni mo sun láti Ẹ̀bútẹ̀ Èrò dé Ìpakodò, omi ọ̀sà lè ti kún sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ àna rẹ, Lùkúmàn. Ṣé ẹni tí ó fún wa lọ́mọ kò yẹ kó gbọ́? Mo ní Lùkúmàn, ilé Yísà ni ọmọ yín wà o, kò sí nílé tiwa mọ́. Lùkúmàn dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde. O mọ̀ wọ́n, àwọn tí baba ńlá wọn ti Èkó ṣí wá sí Ẹ̀pẹ́, inú wọn kò tíì rọ̀ sí Èkó títí di òní. Ó ní Èkó tún ti rẹ́ àwọn jẹ! Ó ní ṣé ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn bàbá àwọn kò tó wọn ni, tí wọ́n tún wá ń gba ọmọ? Kí n tó pajú pẹ́, ọkùnrin mọ́kànlá ti pé sí ìta, wọ́n ti ká apá aṣọ sókè. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ mú ìyá rẹ wá ná, ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni olè náà.

Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ. Kò sunkún. Ó gbé orógùn kúrò nínú ọbẹ̀, mo sì sún sẹ́yìn. Ó ní bí mo bá tún pe ẹ̀gbọ́n òun ní olè, èmi àti òbúkọ ni a ó jọ máa jẹ àwọ̀n. Ó lọ pe Tíṣà Ọláṣẹ́gun wá. Tíṣà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú, ó ní Bàbá Síkírù, kò sẹ́ni tó gba ìyàwó ẹnikẹ́ni, sọ́néèmù ni.

Ó wá là á yé mi. Ó ní sọ́néèmù ni orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo ará ilé ẹnì kan ń jẹ́. Bàbá ni í fún ọmọ, ìyàwó á gbà á lọ́wọ́ ọkọ, ọmọ á gbé e fún ọmọ tirẹ̀, kò sì ní tán títí ayé. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, bí o bá dé ibi iṣẹ́, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè, orúkọ tí bàbá rẹ fún ọ lọ́jọ́ ìkómọ á wá dúró sẹ́yìn bí ìránṣẹ́. Mo ní irú ahun wo nìyí? Ṣé orúkọ ń wọ́n wọn ni? Ènìyàn mọ́kàndínlógún ló wà nínú agbo ilé wa yìí, bí ẹnì kan bá dúró lójúde tó pe Sàlímọ́nù, ṣé gbogbo wa ni a ó jọ sáré jáde? Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní tèmi ńkọ́, kí ni sọ́néèmù tèmi? Ó ní n kò ní, nítorí n kò lọ sílé ìwé. Mo ní mo dúpẹ́. Àrùn tí ìwé ń kó ranni ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yé mi tán ni inú tó bí mi gan-an. Mo kọ́kọ́ rò pé Yísà gba ìyàwó rẹ nìkan. Àṣé ìwọ fúnra rẹ ló gbà, odidi! Ó gbà ọ́, ó gba ìyàwó, ó gba ohun tó wà nínú ìyàwó. Tíṣà ní ọmọ tí ẹ bá bí, Yísà náà ni wọ́n á kọ sí i lẹ́yìn ní ibi tí ìjọba ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun, ọmọ ọmọ náà á jẹ́ Yísà, títí tí ọ̀sà á fi gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ tèmi, imú tèmi, ẹsẹ̀ wíwọ́ tèmi, orúkọ télọ̀!

Mo padà sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ pa iná tí mo dá. Mo rò pé inú Lùkúmàn á rọ̀ bí ó bá gbọ́ pé kò sí olè nínú ọ̀rọ̀. Kò rọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni? Ó ní lọ́jọ́ ìdána, ilé Sàlímọ́nù ni òun fún lọ́mọ, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló jẹ́rìí. Ó ní Yísà tí òun rí lọ́jọ́ náà, àlejò ni, abọ́ ìrẹsì méjì ló jẹ, kò mú orógbó kan wá. Ó ní bí ọmọ tí Kúbúrátù fẹ́ bí kò bá lè jẹ́ orúkọ ilé tí àwọn fún lọ́mọ, Ẹ̀pẹ́ ni yóò ti bí i, Lùkúmàn ni wọn yóò sì kọ sí i lẹ́yìn, ó ní akọ̀wé Ẹ̀pẹ́ náà ní kálámù. Ó ní ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Rọ̀kíbátù ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ń bọ̀ wá mú Kúbúrátù lọ. Rọ̀kíbátù kì í sì í lọ síbì kan kó padà lọ́wọ́ òfo, o mọ̀ ọ́n. Síkírù, àwọn ọkùnrin méjì ló ń du ọmọ ọmọ mi báyìí, èmi kò sí níbẹ̀.

Mo délé, mo búra pé n ó lọ bá Yísà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, n ó bi í pé ta ló rán an níṣẹ́. Ìyá rẹ kò bá mi jà. Ó kàn jókòó, ó ní Bàbá Síkírù, ṣebí ẹ wà níbẹ̀. Mo ní níbo? Ó ní ọjọ́ tí a mú Síkírù lọ sílé ìwé ní Èkó. Ó ní ṣebí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja lórí, tíṣà béèrè pé ọmọ ta nìyí, ẹ̀gbọ́n mi sì dáhùn kíá pé ọmọ òun ni. Ó ní kí lẹ ṣe lọ́jọ́ náà?

Síkírù, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún Yísà nínú iyẹ̀pẹ̀. Nítorí bí ẹni tí a fi ọmọ sí lọ́wọ́ bá gbọ́ pé ọmọ ta nìyí, tó wá ń sọ pé ọmọ apẹja kan ní Ìjẹ̀dé ni, ilé rẹ̀ kò ní dùn fún ọmọ náà. Egungun ẹran ni yóò máa fún un jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọ mi ni, ó ti gbà á tọkàntọkàn, òbí lè máa lọ sílé kó sùn. Báyìí ni a ṣe ń sọ̀rọ̀ láti ayébáyé, kò sì sí ẹni tó ṣìnà nínú wa. Ṣé mo mọ̀ pé kálámù wà lọ́wọ́ tíṣà náà ni? Ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí tí Yísà fi bò wá láṣìírí, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀rí kóòtù.

Nítorí náà n kò lè bínú sí Yísà mọ́. Ó dùn mí pé n kò lè bínú sí i. Gbogbo ìbínú náà ti wá di tìrẹ, gbà á. Èmi kò mọ̀wé nígbà yẹn, Yísà kò mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ mọ̀ ọ́n. O rí i lórí ìwé ẹ̀rí rẹ, o rí i lórí ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́. Ogún ọdún ni o fi ń wálé Iléyá, tí o ń jẹ àyà àgbò, tí o ń pè mí ní bàbá, tí o sì mọ̀ pé n kò sí lórí bébà. Àbí ojú ń tì ọ́ láti jẹ́ orúkọ ẹni tó ń rùn bí ẹja? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, wí fún mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ, kí o má fi ránṣẹ́.

Tíṣà ní àtúnṣe wà. Ó ní o lè lọ búra ní kóòtù, kí o sì fi í sínú ìwé ìròyìn pé ìwọ tí o ń jẹ́ Síkírù Yísà tẹ́lẹ̀, o ti ń jẹ́ Síkírù Sàlímọ́nù báyìí, kí gbogbo ayé gbọ́. N kò mọ ohun tí ó kan ará Sókótó nínú orúkọ bàbá rẹ, ṣùgbọ́n bí òfin bá sọ bẹ́ẹ̀, kí o kọ ọ́ gàdàgbà gadagba, kí Lùkúmàn lè rí i láti Ẹ̀pẹ́ láìlo jígí. Ṣùgbọ́n tẹ́tí o! O kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn kí a tó dé ọ̀dọ̀ Yísà. Ọkùnrin náà bọ́ ọ, ó rán aṣọ fún ọ, ó san owó ilé ìwé rẹ nígbà tí àwọ̀n mi ń mú ewé wá sókè. Ṣé inú ìwé ìròyìn ni yóò ti máa kà á pé o kì í ṣe ọmọ òun mọ́? A kì í gba ọmọ padà lọ́wọ́ ẹni tó tọ́ ọ bí ẹni ń gba àjẹ̀ tí a yá aládùúgbò. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti ìyá rẹ ń bọ̀. Gba ààyè, kí o wọ aṣọ tí Yísà rán fún ọ, kì í ṣe kóòtù òyìnbó. A ó jọ lọ bá a. Èmi ni n ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ogún ọdún, n ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ̀ǹda orúkọ náà. Bí ó bá yọ̀ǹda, ìwọ á ṣe é ní ọjọ́ Ajé, kí Rọ̀kíbátù tó gbé ẹsẹ̀ kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá kọ́rẹ́ lọ́wọ́... Síkírù, n kò mọ ohun tí n ó ṣe. Inú mi ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Kí o fi pọ́n mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ awakọ̀ ojú omi tó mú lẹ́tà yìí wá. Nínú rẹ̀ ni n ó ti ra àgbò kékeré kan fún Yísà, nítorí a kì í mú ọwọ́ lásán lọ bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yìí, nínú rẹ̀ náà sì ni owó ọkọ̀ wa wà. Má ṣe kọ ọ́ sórí àpòòwé pé láti ọ̀dọ̀ S. Yísà. N kò ní gbà á. Kí o fi ṣílè márùn-ún lé e fún Mùnírátù, kó fi ra ìdìka tí kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún un. Ìyá rẹ ní kí o má jẹ́ kí Kúbúrátù gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ó má jẹ ìgbín, kí ó sì má sunkún nítorí ọ̀rọ̀ àwa àgbà.

Kí Ọlọ́run Ọba sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Kí ó bí i tibi tire, kí abiyamọ má fọwọ́ bojú sunkún. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, kó wọlé wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ rere. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, kó mú ọlá wá bá wa. Ohun yòówù kí àwọn akọ̀wé kọ sí i lẹ́yìn, Yísà ni o, Lùkúmàn ni o, bí ó bá ti lè wà láàyè, kí ìyá rẹ̀ wà láàyè, mo gbà, ọmọ ọmọ mi ni, n ó gbé e sí itan, n ó sì kọ́ ọ ní ìtukọ̀.

Ṣùgbọ́n kí o kọ Sàlímọ́nù.

Èmi ni bàbá rẹ tí ó bí ọ,

SÀLÍMỌ́NÙ.